Òkúta Orí Ìkòkò Mọ́námọ́ná

Ní ọdún 1973, wọ́n na ọmọ ọdún mọ́kànlá kan ní ẹgba méjìlá níwájú gbogbo ilé ẹ̀kọ́ kan ní Òṣogbo, nítorí ohun tí kò ṣe. Béjidé ni orúkọ ọmọ náà. Àwọn tó wà níbẹ̀ ti gbàgbé. Òun kò gbàgbé.

Ìyá àgbà rẹ̀, Àgbékẹ́, tó tọ́ ọ dàgbà ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, ń ro oko ẹ̀gẹ́ lẹ́bàá odò nígbà tí ọkọ́ rẹ̀ gé ṣóńṣó ìrù mọ́námọ́ná kékeré kan. Ejò náà kò gùn ju apá ọmọdé lọ. Mọ́námọ́ná kì í bá ènìyàn jà. Bí ẹ̀rù bá bà á, á ká ara rẹ̀ jọ bí òṣùká, á fi orí pamọ́ sí àárín. Béjidé gbé e lọ sí ilé ẹ̀kọ́, nítorí Tíṣà Ọlágòkè, olùkọ́ wọn ní kíláàsì karùn-ún, ti ní kí oníkálukú mú ohun ẹlẹ́mìí kan wá. Àwọn yòókù mú ìgbín àti tata wá.

Inú Tíṣà dùn. Ó ra ìkòkò amọ̀ kan, ó gbé ejò sínú rẹ̀, ó gbé e sí igun kíláàsì, ó ní kí Béjidé máa ṣọ́ ọ. Ojoojúmọ́ ni ọmọ náà ń fún un lómi, tó ń fi ọmọrí dé e, tó sì ń gbé òkúta lé ọmọrí náà lórí.

Lọ́jọ́ tí sípẹ́kítọ̀ wá yẹ ilé ẹ̀kọ́ wò, ejò jáde. Abẹ́ àga sípẹ́kítọ̀ ni wọ́n ti rí i. Ọkùnrin náà fò sókè, ó ṣubú, awò ojú rẹ̀ fọ́. Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín yẹn ló sì sọ ọ̀rọ̀ di ńlá. Hẹdimásítà béèrè ẹni tó ṣí ìkòkò. Tíṣà Ọlágòkè gbójú sókè, ó wo àjà. Lẹ́yìn náà ló ní, "Béjidé ló ń ṣọ́ ọ, sà."

Ọmọkùnrin mẹ́rin gbé e dúró lápá lẹ́sẹ̀. Láàárín ẹgba ni ó ń ké, "Ẹ wo òkúta! Òkúta wà lójú fèrèsé!" Òótọ́ ni. Òkúta náà wà lójú fèrèsé gíga, níbi tí ọwọ́ Béjidé kò lè tó bó tilẹ̀ gun bẹ́ǹṣì. Àgbàlagbà ló gbé e síbẹ̀. Kò sí ẹni tó yíjú wò ó.

Wọ́n ní kó mú bàbá rẹ̀ wá. Bàbá rẹ̀ ti kú. Àgbékẹ́ ló lọ bẹ̀bẹ̀, Tíṣà sì sọ fún un lójúkojú pé ọmọ rẹ̀ ló ṣí ìkòkò. Obìnrin náà gbà á gbọ́, nítorí pé Tíṣà mọ̀wé. Ó délé, ó ní, "Béjidé, o dójú tì mí." Láti ọjọ́ yẹn, ọmọ náà kò fẹsẹ̀ tẹ ilé ẹ̀kọ́ mọ́. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, ó kọ̀. Wọ́n nà án, ó kọ̀. Lẹ́yìn ọdún mẹ́jọ, Àgbékẹ́ kú, ó sì kú pẹ̀lú èrò pé òpùrọ́ ni ọmọ-ọmọ òun.

Ọdún mẹ́tàlélógún gorí ọ̀rọ̀ yìí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan ní oṣù Kejì ọdún 1996, ọ̀kadà já obìnrin kan sílẹ̀ níwájú ilé Béjidé ní Ọ̀fàtẹ̀dó. Ó wọ búláòsì funfun tó dí bọ́tìnnì rẹ̀ dé ọrùn, bàtà ọ́fíìsì rẹ̀ ti pọ́n fún eruku. Ó gbé agolo mílíìkì kan dání tí wọ́n fi ìṣó lu ihò sí lórí, ó sì na ọwọ́ tó fi dì í mú jìnnà sí ara bí ẹni pé agolo náà lè bù ú jẹ. Béjidé ń gé eèsún fún àwọn ọ̀yà àti ẹmọ́ tó ń sìn. Àdá rẹ̀ dúró sókè, kò sọ̀ kalẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Wọ́n ní ẹ ń sin ẹmọ́ tà."

"Mo ń sìn ín, mà. Ti ọbẹ̀ ni, àbí kí n yan án fún yín?"

"Láàyè ni mo fẹ́ ẹ."

"Láàyè kẹ̀? Ṣé owó oṣù ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìjọba ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ ni, tí ẹ kò rí igi dáná mọ́?"

Obìnrin náà fẹ́ bojú jẹ́, ẹ̀rín kò jẹ́ kó rí i ṣe. "Kì í ṣe èmi ni mo fẹ́ jẹ ẹ́. Ejò ni. Mọ́námọ́ná bàbá mi ní Iléṣà. Láti oṣù Kẹwàá tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlu bàbá mi, ejò náà kò jẹun mọ́."

"Ní Òṣogbo níbí, a ò bá ti sè é."

"Ẹ̀yin Òṣogbo! Àwa Ìjẹ̀ṣà máa ń mú ohun ọ̀sìn wa ní ẹbí."

"Mo rò pé owó nìkan ni ẹ̀yin òṣómàáló ń mú ní ẹbí."

Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó rẹ́rìn-ín títí agolo fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́. Ìwàlẹwà ni orúkọ rẹ̀. Ó ń tẹ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba kan ní Òṣogbo, ó sì ń lọ sílé ní Iléṣà ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì.

Gbogbo ọjọ́ Ẹtì ló wá ń yà ra ẹmọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ní ọjọ́rú pẹ̀lú, láìgbé agolo dání. Béjidé a fi ẹ̀wù rẹ̀ nu bẹ́ǹṣì kó tó jókòó. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó gbọ́ mọ́námọ́ná lẹ́nu rẹ̀, ọgbẹ́ àtijọ́ kan jẹ ẹ́ nínú. Ó yẹ kó béèrè orúkọ bàbá obìnrin náà. Kò béèrè. Ẹni tó ti dá gbé pẹ́ kì í fẹ́ béèrè ohun tó lè lé àlejò lọ.

"Kí ló mú yín fi ìwé sílẹ̀?" Ìwàlẹwà bi í lọ́jọ́ kan. "Ẹ gbọ́n jù mí lọ."

"Wọ́n nà mí fún ohun tí n kò ṣe."

"Ìyẹn nìkan?"

"Ìyẹn nìkan."

Ó rí ojú rẹ̀, kò bi í mọ́. Ó kàn gbé ọwọ́ lé ọwọ́ rẹ̀, ó sì fi í síbẹ̀ títí oòrùn fi kúrò lórí bẹ́ǹṣì.

"Ìwà," ni Béjidé wí, "bí mo bá ní kí o máa wá láìra eku mọ́ ńkọ́?"

"Mo ti ń wá láìra eku tipẹ́. Ẹ̀yin ni ẹ kò ṣàkíyèsí."

Ní oṣù Kẹrin, ejò náà ti rù débi pé ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Ìwàlẹwà bẹ Béjidé kó bá òun délé wá wò ó. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n lọ. Ẹ̀yìn ilé ìdáná ni wọ́n gbà lọ, níbi tí àgò onírin kan wà láàárín èéfín àti ewúrẹ́. Béjidé ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó gbé ejò náà jáde jẹ́jẹ́. Ó wo ìrù rẹ̀. Ìrù náà kò ní ṣóńṣó.

Ó gbójú sókè. Láti ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, ó rí ọkùnrin arúgbó kan lórí àga, ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Àìsàn ti yí ojú náà padà, ṣùgbọ́n kò yí ẹyinjú padà. Ẹyinjú tó wo àjà ni. Arúgbó náà tẹjú mọ́ ọn, ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, itọ́ sì ń dà sí i láyà.

"Kí ni orúkọ bàbá rẹ?"

"Tíṣà Ọlágòkè. Gbogbo Iléṣà ló mọ̀ ọ́n."

Béjidé dá ejò padà sínú àgò, ó gbé fìlà rẹ̀, ó jáde. Ìyá Ìwàlẹwà, tí wọ́n ń fi orúkọ àkọ́bí rẹ̀ pè ní Ìyá Julianah, tó ń gbé iyán bọ̀ fún àlejò, dúró pẹ̀lú àwo lọ́wọ́. "Irú àlejò wo rèé tí kì í kí onílé?"

Ní ọjọ́ Ajé, Ìwàlẹwà dé Ọ̀fàtẹ̀dó kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. "Kí ni bàbá mi fi ṣe yín?"

Béjidé sọ fún un: sípẹ́kítọ̀, ẹgba méjìlá, ìyá àgbà rẹ̀. Ti òkúta nìkan ni kò sọ. Òkúta ni ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo tó pè ní ayé rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò wò ó. Ó ti rẹ̀ ẹ́ láti máa pè é.

"Bàbá mi kì í purọ́," ni Ìwàlẹwà wí. "Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, bí ìjà bá wà, òun ni wọ́n ń pè kó wá sọ òótọ́."

"Èmi ni mo ń purọ́ nígbà náà."

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀."

"O sọ ọ́. Ìyá àgbà mi náà sọ bẹ́ẹ̀ títí ó fi kú."

"Ó ń kú lọ, Béjidé! Bó bá tilẹ̀ ṣe é, ẹ dárí jì í."

"Níwájú ènìyàn ló ti bà mí jẹ́. Bó bá fẹ́ ìdáríjì, kó sọ ọ́ níwájú ènìyàn."

"Kò lè sọ̀rọ̀! Ṣé ẹ kò rí ẹnu rẹ̀ ni?"

"Ó ní ọdún méjìlélógún tó fi lè sọ̀rọ̀."

Ìwàlẹwà wò ó bí ẹni tó ń wo ilé tó ń jó. Ó bá ọ̀nà rẹ̀ lọ, kò sì gbé agolo tó gbàgbé sórí bẹ́ǹṣì láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Béjidé kò gbé e kúrò níbẹ̀. Òjò rọ̀ sórí rẹ̀, ó dógùn-ún. Ní ọjọ́rú, ó ṣì ń nu bẹ́ǹṣì, ó sì ń bínú sí ọwọ́ ara rẹ̀ tó ń nù ún. Àwọn tó bá mọ inú bíbí mọ̀ pé kì í gbóná títí. Ó ń tutù ni, á wá le bí àṣáró tó sùn mọ́jú.

Oṣù kan àti ààbọ̀ kọjá. Ní ọjọ́ òjò kan, Ìwàlẹwà dé, ara rẹ̀ tutù rinrin. Ó ti fọn.

"Mi ò wá nítorí ara mi," ló wí, kò sì jókòó. "Ejò náà ń kú lọ. Bàbá mi náà kò la ẹnu fún oúnjẹ mọ́, àfi bí ẹni pé àwọn méjèèjì jọ mulẹ̀. Láti ọjọ́ tí ẹ ti wá ni kò ti sọ ju ọ̀rọ̀ méjì lọ. Òkúta. Fèrèsé. Tọ̀sán-tòru. A pe káfíńtà wá wo fèrèsé. Màámi ṣa gbogbo òkúta àgbàlá dànù. Ó ṣì ń sunkún, ó ṣì ń wí i. A kò mọ ohun tó fẹ́."

Béjidé jókòó sílẹ̀, sínú ẹrẹ̀.

"Kí ló ṣe yín?"

Béjidé sọ ibi tí òkúta wà lọ́jọ́ náà fún un, bó ti ga tó, àti bí òun ti kékeré tó. Ìwàlẹwà gbọ́ ọ tán. Ó fi ìborùn bojú, ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ náà pẹ̀lú rẹ̀.

"Òótọ́ ni," ló wí. "Ẹ jọ̀ọ́. Òótọ́ ni."

Béjidé ti rò pé lọ́jọ́ tí ẹnìkan bá gba òun gbọ́, òun á yọ̀. Kò rí ayọ̀ kankan níbẹ̀. Ìyá àgbà rẹ̀ ló rántí, ó sì sunkún bí ọmọ ọdún mọ́kànlá.

Nígbà tó ṣe, ó nu ojú. "Ojú ejò náà ńkọ́?"

"Ó ti funfun bí omi ògì. A rò pé ó ti fọ́."

"Kò fọ́. Ó fẹ́ bọ́ awọ ni. Ẹ má fọwọ́ kàn án."

Ó ra ìkòkò amọ̀ kan ní Òṣogbo, ó gbé e lé itan nínú ọkọ̀ títí dé Iléṣà. Ní gbogbo ọ̀nà ló ń sọ fún ara rẹ̀ pé òun kò lọ nítorí Tíṣà. Ejò ni òun ń lọ wò. Ejò kò purọ́ mọ́ òun.

"Níbo ló ń gbé tẹ́lẹ̀?" ó bi Ìyá Julianah.

"Láti ìgbà tí bàbá wọn ti gbé e bọ̀ láti Òṣogbo, inú yàrá wọn ló ń gbé, nínú ìkòkò. Nígbà tí àìsàn dé, àwọn obìnrin ẹgbẹ́ àdúrà ní àwọn kò ní wọlé bá ejò. A bá gbé e síta, ìkòkò rẹ̀ sì fọ́ lọ́wọ́ wa."

"Mọ́námọ́ná tí gbogbo ayé ń wò kì í jẹun, Mà. Ibi tó há, tó ṣókùnkùn, ni ọkàn rẹ̀ ń balẹ̀ sí." Ó tẹjú mọ́ ara ejò náà. Àpá eyín wà níbẹ̀. "Kí ló bù ú jẹ?"

"Ẹmọ́ ni," Ìwàlẹwà dáhùn. "A fi í sílẹ̀ tì í di ọjọ́ kejì, bóyá á jẹ ẹ́."

Wọ́n ti gbé àgò ejò wọlé. Inú yàrá arúgbó náà ni wọ́n dúró sí, ojú arúgbó sì wà lára rẹ̀. "Ẹ̀bi mi ni," Béjidé wí kíkan. "Èmi ni mo tà á fún ọ láàyè. Ó yẹ kí n sọ fún ọ pé eku tí ebi ń pa máa ń jẹ ejò tí kò lágbára. Ojú rẹ ni mo ń wò, n kò ro ti ejò."

Arúgbó náà ṣe bí ẹni tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún.

Béjidé fi ewé gbígbẹ sínú ìkòkò, ó gbé ejò sí i, ó gbé e sí abẹ́ fèrèsé, ó dé e, ó sì gbé òkúta lé ọmọrí. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣí i fún ọjọ́ mẹ́wàá, àfi láti fún un lómi. Ní ọjọ́ kẹwàá, awọ odindi kan wà nínú ìkòkò bí ìbọ̀sẹ̀ tí wọ́n bọ́ sílẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kọkànlá, Béjidé padà wá, ó pa ọmọ ẹmọ́ kan, ó fi iná mú un lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó so ó mọ́ igi tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń mì í díẹ̀díẹ̀ lẹ́nu ìkòkò. Ejò kò dá a lóhùn. Béjidé dé e padà, ó wọkọ̀ padà sí Ọ̀fàtẹ̀dó. Lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún, ó tún padà wá. Ìwàlẹwà dúró lẹ́yìn rẹ̀, àgbọ̀n rẹ̀ lórí èjìká rẹ̀. Ahọ́n ejò yọ lẹ́ẹ̀kan, ó yọ lẹ́ẹ̀mejì. Lójijì, igi já gbà lọ́wọ́ Béjidé. Ejò ti ká ẹmọ́ mọ́ra.

Ohùn kan wá láti orí ibùsùn. "Ó... jẹ ẹ́."

Ìyá Julianah sáré gbé ògì wá. Bàbá Ọlágòkè la ẹnu.

Níta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbá omi, Ìwàlẹwà nu ojú. "Ẹ ti bọ́ ejò, ẹ ti bọ́ bàbá mi. Èmi ńkọ́?"

"Ẹmọ́ yíyan nìkan ló kù."

Ó gbá a lápá, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. Béjidé di ọwọ́ náà mú. "Mo fẹ́ fẹ́ ọ, Ìwà. Ṣùgbọ́n n kò lè dọ̀bálẹ̀ fún bàbá rẹ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yìí nínú mi. Orí líle ni mo ní, o mọ̀."

"Mo mọ̀. Èmi náà kò fẹ́ kí wọ́n máa pe ọkọ mi ní òpùrọ́."

"Bí kò bá lè sọ ọ́ ńkọ́?"

Ìwàlẹwà sún mọ́ ọn. Ó kàn di ọwọ́ rẹ̀ mú gírígírí.

Ní oṣù Kẹjọ, àwọn ará Òṣogbo wá tọrọ ìyàwó. Nọ́síràtù, àbúrò bàbá Béjidé, ló ṣáájú wọn. Àwọn ẹbí ìyàwó kún pálọ̀, àwọn àgbà ìjọ wà níbẹ̀, wọ́n sì gbé àga Bàbá Ọlágòkè sí àárín. Wọ́n gbàdúrà, wọ́n ṣàwàdà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí ọkọ ìyàwó wá dọ̀bálẹ̀ fún bàbá ìyàwó.

Béjidé dìde. Ó rìn dé àárín pálọ̀, ó dúró. Orúnkún rẹ̀ kò tẹ̀.

"Dọ̀bálẹ̀ o," Nọ́síràtù sọ lábẹ́lẹ̀, ó ń fa aṣọ rẹ̀. "Má dójú tì wá."

Ọ̀rọ̀ ìyá àgbà rẹ̀ gan-an ni. Ìwàlẹwà, tó jókòó láàárín àwọn obìnrin, dìde, kò bìkítà fún ẹni tó ń wò ó, ó lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Béjidé.

Bàbá Ọlágòkè gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ sókè, èyí tí àrùn kò mú. "Má... dọ̀bálẹ̀."

Ariwo sọ. Àwọn kan rò pé ó kọ ọkọ náà ni. Ó na ìka sí yàrá rẹ̀, ó ń tiraka, títí Ìyá Julianah fi lóye, tó lọ gbé òkúta orí ìkòkò wá. Arúgbó náà gbé e lé itan, ó di í mú.

Kò pẹ́ láyé mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ yẹn. Wọ́n ti sin ín kí ìgbéyàwó tó wáyé ní oṣù Kejìlá, mọ́námọ́ná sì bá ìyàwó lọ sí Ọ̀fàtẹ̀dó nínú ìkòkò rẹ̀. Béjidé kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí pé òun ti dárí jì í. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó wà ní pálọ̀ ló gbọ́ ohun tí arúgbó náà sọ lọ́jọ́ náà, pẹ̀lú òkúta lórí itan rẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ọ̀rọ̀ náà ń jáde, bí ẹni tó ń yọ ẹ̀gún, kò sì wo àjà. Ojú Béjidé ló wò.

"Èmi ni mo ṣí ìkòkò náà," ni Bàbá Ọlágòkè wí. "Mo fẹ́ fi ejò han tíṣà kejì láàárọ̀. Mo gbé òkúta sójú fèrèsé. Mo gbàgbé. Ọwọ́ ọmọ yìí kò tó ibẹ̀. Mo purọ́ fún ìyá rẹ̀ àgbà. Mo gbọ́ ọ tó ń ké pé ẹ wo òkúta. Mo gbọ́ ọ. Mo mọ̀ pé kò ṣe é, nígbà tí wọ́n ń nà án."